Ilé Alájà Mẹ́wàá Tí Mo Yà Láìfi Òjìji Sí I

Lọ́jọ́ tí a gbé pátákó àwòrán ilé náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Ìrémọ, ní Ifẹ̀, orí àkàbà ni mo wà. Okùn tí a fi fà á sókè ti ha ọ̀dà ibì kan, mo sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré tún un ṣe. Ìyá àgbàlagbà kan wá dúró nísàlẹ̀, ó gbójú sókè wò mí.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ìwọ lo ya ilé yìí?"

"Èmi ni, mà."

"O kú iṣẹ́. Sọ̀ kalẹ̀ ná, mo fẹ́ bi ọ́ ní ọ̀rọ̀ kan."

Mo sọ̀ kalẹ̀. Ìyá Àdùkẹ́ ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń bójú tó pèpéle tí wọ́n fi ń sá kòkó ní agboolé tó wà lẹ́yìn pátákó wa gan-an. Agboolé náà ní orúkọ mìíràn, ṣùgbọ́n Onípèpéle ni gbogbo Ìrémọ ń pè é. Ìyá ń sọ èdè Ifẹ̀ pọ́ńbélé. Bó ṣe máa yé gbogbo èèyàn ni mo ṣe kọ ọ́ síbí. Ó na ọwọ́ sí ilé alájà mẹ́wàá inú àwòrán mi.

"Ìwọ tó o yà á lo mọ̀ ọ́n. Tí wọ́n bá kọ́ ilé yìí síbí, ṣé kò ní dí òòrùn mọ́ kòkó mi?"

Mo mọ èsì ìbéèrè yẹn. Lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ ní Ìrémọ. Mo ní, "Rárá o, mà. Ṣé ẹ ò rí i nínú àwòrán ni? Òòrùn wà níbi gbogbo."

Ó wo àwòrán náà fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ojú ayàwòrán ríran ju tèmi lọ." Ó sì wọlé lọ sídìí kòkó rẹ̀.

Irọ́ tí mo pa nìyẹn. Kò gùn, kò sì le láti pa. Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe, kó lè yé yín.

Iṣẹ́ pátákó ni mo kọ́. Mo ka ìwé mẹ́fà, mo wọ gírámà fún ọdún kan àti díẹ̀, agbára ilé wa ò gbé e mọ́, ni wọ́n bá mú mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Rẹ̀mí ní Ìlódè. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, n kò kọ lẹ́tà kankan. Ìlà ni mò ń fà. Ọ̀gá á fi èédú pa okùn, á nà án sára àlòkù páànù, á ní kí n di etí kan mú, á fa àárín okùn náà, á sì tú u sílẹ̀: pà! Ìlà dúdú á yọ, gbọọrọ. Iṣẹ́ tèmi ni kí n fi búrọ́ọ̀ṣì tọ ìlà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìmí. Ẹni tó bá mí, ọwọ́ rẹ̀ á gbọ̀n.

Àṣìṣe mi pọ̀. Onígbàjámọ̀ kan ní kí n ya orí ọkùnrin mẹ́ta sára ìlẹ̀kùn òun, kí àwọn oníbàárà lè máa nàka sí irun tó bá wù wọ́n. Nígbà tí mo yà á tán, orí kan gùn bí ìbẹ́pẹ. Ọ̀gá wò ó, ó ní, "Ta ni yóò gé irú èyí? Àbí ẹni tí wọ́n fi ẹ̀mú fà jáde lọ́jọ́ tí wọ́n bí i?" Ohun tó wá yà wá lẹ́nu ni pé orí ìbẹ́pẹ yẹn gan-an ni gbogbo àwọn ọ̀dọ́ ń nàka sí. Irun gíga ló lòde nígbà náà.

Ohun tí ọwọ́ mi wá mọ̀ jù lọ ni òjìji. Lẹ́tà tí kò bá ní òjìji, pẹlẹbẹ ló máa ń rí, bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Tí o bá fi àwọ̀ tó dúdú díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, á dìde dúró, á dà bíi pé o lè fọwọ́ gbé e. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kan náà ni gbogbo òjìji orí pátákó gbọ́dọ̀ wà. Nígbà tí mo fi máa gba ìdáǹdè, Ọ̀gá kì í fi òjìji lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ mọ́. Mo dúró tì í, mo ń bá a ṣiṣẹ́.

Ó tún kọ́ mi bí a ṣe ń fi òjìji mọ gíga ògiri. Tí wọ́n bá pè wá láti wá kọ nǹkan sára ògiri gíga, a kì í gbé àkàbà lọ láti lọ wọ̀n ọ́n. Ọ̀pá tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá là ń mú lọ. A ó nà án ró, a ó wọn òjìji rẹ̀, a ó sì wọn òjìji ògiri ní wákàtí kan náà. Tí òjìji ọ̀pá bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, a ti mọ̀ pé ògiri ga ní ìlọ́po méjì òjìji tirẹ̀. Ọ̀gá á ní, "Òòrùn ò mọ olówó, kò mọ tálákà. Bó ṣe ń ṣe ọ̀pá ló ń ṣe ilé."

Ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Epo mọ́tò wọ́n, ọ̀kadà ń pọ̀ ní títì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì sì ń wá yàrá kiri inú ìlú nítorí yàrá inú ọgbà yunifásítì ò gbà wọ́n. Oníṣòwò kan ti Ìbàdàn wá. Ṣíámáànù ni gbogbo èèyàn ń pè é. Kì í ṣe ti ìjọba ìbílẹ̀ o, bí wọ́n ṣe ń kí i ni. Iwájú agboolé Onípèpéle, níhà ibi tí òòrùn ti ń yọ sí pèpéle wọn, àwọn ilé alámọ̀ mẹ́rin kan ti wó síbẹ̀ tipẹ́. Ṣíámáànù fẹ́ gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ ẹbí Onípèpéle fún ọdún gbọọrọ. Alájà mẹ́wàá ló fẹ́ kọ́ síbẹ̀: ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀, ọ́fíìsì láàárín, yàrá akẹ́kọ̀ọ́ lókè.

"Ilé àwòṣífìlà," ó sọ fún Ọ̀gá. "Ẹ ya Ifẹ̀ fún mi, kí ilé mi wà láàárín rẹ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n rí bí ìlú wọn yóò ṣe rí láti òkèèrè."

Èmi ni Ọ̀gá gbé iṣẹ́ náà fún. Mo gun òkè kan lẹ́yìn ìlú lọ́wọ́ àárọ̀, mo mú bébà àti pẹ́ńsù dání. N kò tíì wo Ifẹ̀ báyẹn rí. Mo rí i pé ìlú wa ò ga. Ó tẹ́ sílẹ̀ bí àgbà tó rọra jókòó, páànù tó ti dípẹtà ló dé lórí, ó pupa láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Ohun tó yọrí nínú rẹ̀ ò ju díẹ̀ lọ: ilé aago ṣọ́ọ̀ṣì, ṣóńṣó mọ́ṣáláṣí, ọ̀pẹ níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn wọn, àwọn òkè ló yí gbogbo rẹ̀ ká. Mo ya gbogbo rẹ̀. Mo wá wọn ilé Ṣíámáànù láti inú ìwé tí ayàwòrán ilé rẹ̀ fún wa, mo gbé e sí Ìrémọ. Ó yọ gọngọ bí ìka tí wọ́n nà sókè láàárín ọwọ́ tí wọ́n dì. Mo fi òjìji rẹ̀ sí i bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Òjìji náà gùn lórí àwọn òrùlé, ó kọjá pèpéle kòkó.

Ṣíámáànù wá wò ó ní ṣọ́ọ̀bù. Ó fajú ro.

"Kí lèyí tó dúdú nílẹ̀?"

"Òjìji ilé yín ni, sà."

"Pa á rẹ́. Ó dà bí èédú. Àti pé, ilé yìí ga jù. Ó ń dẹ́rù bani."

"Alájà mẹ́wàá ni ẹ ní kí n yà, sà."

"Jẹ́ kó jẹ́ mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n kó má ga."

Ọ̀gá yíjú sí ògiri, mo mọ̀ pé ẹ̀rín ló ń pa mọ́ra. Nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán, ó ní, "Ṣẹ́gun, o gbọ́. Ẹni tó ni pátákó ló ni àwòrán." Ni mo bá fún àwọn àjà náà pọ̀, mo mú kí wọ́n tẹ́ pẹẹrẹ. Tí èèyàn bá ka ìlà fèrèsé, mẹ́wàá ló máa kà. Tó bá fojú wò ó, kò ju alájà mẹ́rin lọ. Tí ẹnikẹ́ni bá gbé inú ilé tí mo yà yẹn, ìrákòrò ni yóò máa rá. Mo gbé ọ̀pẹ méjì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n lè bá a dọ́gba. Mo wá fi ọ̀dà àwọ̀ iyanrìn bo òjìji mọ́lẹ̀, gbogbo ilẹ̀ sì mọ́lẹ̀ rekete. Ọwọ́ mi ò gbọ̀n.

Ọjọ́ kejì tí Ìyá Àdùkẹ́ bi mí léèrè, Àǹtí Sìkírá gba iwájú ṣọ́ọ̀bù wa kọjá. Ọmọ agboolé Onípèpéle ni, irun ló ń dì lábẹ́ agbòjò lẹ́bàá títì. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó dúró kí mi.

"Ayàwòrán wa! Ẹbí ti gbà o. Ṣíámáànù ti fi ṣọ́ọ̀bù kan dá mi lójú nísàlẹ̀ ilé. Mo fẹ́ bọ́ lábẹ́ agbòjò."

"Ẹ kú oríire, Àǹtí."

"Ìyá Àdùkẹ́ nìkan ló takú nípàdé àná. Ó ní kòkó, ó ní òòrùn. Ìgbà tó wá yá, ó ní ó dáa, ọmọ tó ya àwòrán ti sọ fún òun pé kò séwu. Ọlọ́run á bù kún ẹnu ẹ! Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n máa tẹ̀ka sí ìwé."

Ó lọ. Búrọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ mi, ọ̀dà ń kán sílẹ̀ nínú ẹ̀, n kò mọ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo lọ sí agboolé Onípèpéle, mo ṣe bí ẹni wá wo pátákó. Àkókò kòkó ni. Pèpéle náà kún, kòkó pupa lọ bí ẹní tí wọ́n tẹ́. Ìyá Àdùkẹ́ wà láàárín rẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ yí i, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí abẹ́ lè wá sókè. Kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Gbogbo ẹbí tó ní oko, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó kòkó wá. Ó rí mi, ó ní kí n wá.

"Fọwọ́ kàn án. Kòkó tó bá gbẹ dáadáa, á dún lọ́wọ́ rẹ. Tó bá bu, àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò á kàn dà á nù. Òòrùn àárọ̀ ni òòrùn kòkó, ọmọ mi. Tọ̀sán, òjò ló ni ín."

Mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan. Mo dì í mú lọ́wọ́, ó dún. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀.

Ọ̀gá ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Ó ń fọ búrọ́ọ̀ṣì nínú kẹrosíìnì, kò gbójú sókè.

"Ọ̀gá, mo fẹ́ sọ fún àwọn ará Onípèpéle pé ilé yẹn máa bo pèpéle wọn."

"Ta ló bi ọ́?"

"Ìyá Àdùkẹ́ bi mí. Mo purọ́ fún un."

"Ìwọ ṣáà máa ya ohun tí wọ́n bá ní kó o yà. Nígbà tó o ya adìyẹ tó tóbi bí àgùntàn fún olóúnjẹ ọjọ́sí, ṣé o lọ bẹ àwọn tó jẹun níbẹ̀?"

"Adìyẹ yẹn ò dí òòrùn ẹnikẹ́ni, sà."

Ó wá gbójú sókè. "Ẹnu rẹ ti gùn. Gbogbo pátákó inú ilé yẹn ni Ṣíámáànù ní òun máa gbé fún wa, láti ìsàlẹ̀ dókè. Ṣé o mọ̀ bẹ́ẹ̀? Gbọ́, tó o bá dé ibẹ̀ ní Sátidé, má padà sí ṣọ́ọ̀bù yìí mọ́."

Ọ̀gá Rẹ̀mí kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún tó fi kọ́ mi níṣẹ́, mo sì jáde.

Ní Fúráídè mo lọ bá Baba Gbádébọ̀, baálé agboolé náà. Mo ní mo fẹ́ fi ibi tí òjìji ilé náà máa dé hàn wọ́n kí wọ́n tó tẹ̀ka.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ilé tí wọn ò tíì kọ́, báwo ló ṣe ní òjìji?"

"Ó ti ní i, Baba. Tí a bá ti mọ bó ṣe máa ga, òjìji rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ojú wa ni ò tíì rí i."

Ó ní, "Kí lo máa fi yà á?"

"Ẹfun tí wọ́n fi ń kun ògiri, sà. Òjò á fọ̀ ọ́ lọ."

"Wá. Ṣùgbọ́n má pẹ́, aago mọ́kànlá ni ọkùnrin yẹn ń bọ̀."

Mo gé ọparun ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá géérégé. Mo po ẹfun sínú garawa. Aago mẹ́sàn-án kò tíì lù ní Sátidé tí mo ti wà níbẹ̀. Àwọn obìnrin ilé jáde, àwọn àgbà gbé àga síta. Ọkùnrin kan bi mí bóyá ètùtù ni mo fẹ́ ṣe. Àǹtí Sìkírá dúró pẹ̀lú ìyarun lọ́wọ́, ó ń bú mi.

"Ayàwòrán tó yàwòrán tán tó tún wá ń fi ẹfun pa ilẹ̀! Ṣé ọ̀dà tán ní ṣọ́ọ̀bù yín ni? Àbí wọ́n lé ọ?"

"Wọ́n lé mi, Àǹtí."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé mò ń ṣàwàdà.

Mo na ọ̀pá ró ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí ilé náà máa dúró sí. Mo wọn òjìji rẹ̀: ẹsẹ̀ bàtà mẹ́tàdínlógún. Mo sọ ọ́ sókè kí gbogbo wọn gbọ́. Mo ní alájà mẹ́wàá, ká fún àjà kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Tí ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ bàtà mẹ́wàá bá fún wa ní mẹ́tàdínlógún, ọgọ́rùn-ún á fún wa ní àádọ́sàn-án. Baba Gbádébọ̀ ní kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ tíṣà ṣírò ó. Tíṣà ṣírò ó sílẹ̀, ó mi orí, ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n láti ojú ibi tí ògiri máa wà, níhà tí òjìji ọ̀pá kọjú sí. Mo ń fi ẹfun fa ìlà lọ ní apá méjèèjì. Ìlà náà kọjá ẹnu ọ̀nà agboolé. Ó kọjá abẹ́ ọsàn. Ó dé etí pèpéle, mo dúró, nítorí n kò lè da ẹfun sí kòkó lórí.

"Kí ló dé tó o dúró?" Baálé bi mí.

"Kòkó ni, Baba. Kò tíì parí."

Ìyá Àdùkẹ́ dìde lórí àpótí rẹ̀. "Na okùn," ó ní. Mo na okùn sórí kòkó dé ibi tí ìwọ̀n náà parí sí. Ó wo okùn náà. Ó yíjú sí àwọn obìnrin ilé. "Ẹ gbé ọkọ́ onígi yín. Kòkó tó bá wà nínú okùn, inú òkùnkùn ló wà. Ẹ wọ́ ọ jáde."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ọ. Kòkó ń dún lórí símẹ́ńtì. Wọ́n ń wọ́ ọ lọ sí ẹ̀yìn, pèpéle ń funfun lẹ́yìn wọn. Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, gbogbo kòkó ẹbí ti di òkìtì ní igun kan lẹ́bàá ògiri ilé ìdáná, ibi tí kò tóbi ju ẹní méjì lọ.

"Òòrùn ọ̀sán ńkọ́?" Àǹtí Sìkírá ní. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Ṣé òjìji ò ní kúrò tó bá di ọ̀sán ni?"

"Á kúrò, Àǹtí," mo ní. "Díẹ̀díẹ̀ ni á máa sún kúrò, títí aago méjìlá á fi kọjá díẹ̀."

Ìyá Àdùkẹ́ ní, "Ní oṣù tí òjò ń rọ̀ nírọ̀lẹ́, wákàtí mélòó ló kù nígbà náà?"

Ibi tí a dúró sí yìí ni ọ̀kadà ti gbé Ọ̀gá Rẹ̀mí dé. Ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú tépù lápò. Mo rò pé ó wá fà mí kúrò níbẹ̀ ni. Kò wò mí. Ó lọ síbi ọ̀pá, ó fi ojú wọn bó ṣe dúró, ó wo ohun tí tíṣà ṣírò sílẹ̀. Ó tọ ìlà ẹfun mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń tẹ̀ síwájú jẹ́jẹ́, gbogbo agboolé ń tẹ̀ lé e. Nígbà tó dé ìdí okùn, ó dúró.

"Ṣẹ́gun."

"Sà."

"Táńkì omi dà?"

N kò kọ́kọ́ mọ ohun tó ń sọ.

"Nínú ìwé tí wọ́n fún wa, táńkì omi wà lórí ilé. Ẹsẹ̀ bàtà méjìlá. O ò kà á mọ́ ọn. Mo ní kó o má padà sí ṣọ́ọ̀bù mi. Mi ò ní kó o máa gbé iṣẹ́ àbùkù jáde lẹ́yìn tó o kúrò lọ́wọ́ mi." Ó gba okùn lọ́wọ́ mi. Ó wọn ogún ẹsẹ̀ bàtà sí i, ó sì na okùn náà gba orí òkìtì kòkó kọjá, títí ó fi kan ògiri ilé ìdáná.

Baba Gbádébọ̀ gbé ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀, ó wá dúró síwájú mi.

"Nígbà tí ò ń ya ti ara pátákó, ṣé o mọ èyí?"

Mo lè sọ pé n kò mọ̀. Ọmọ tó ka ìwé mẹ́fà ni mí, wọn ìbá gbà mí gbọ́. Ọ̀gá ń wo ilẹ̀.

"Mo mọ̀, Baba."

"Nígbà tí Ìyá Àdùkẹ́ bi ọ́ ńkọ́?"

"Mo mọ̀ nígbà yẹn náà, sà."

"Èmi náà mọ̀," Ọ̀gá sọ, kò gbójú sókè.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Àdùkẹ́ lórí pèpéle. Ó ní kí n dìde, pé símẹ́ńtì gbóná. Ó ní, "O ṣeun tó o padà wá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní bi ọ́ ní nǹkan kan mọ́ láyé." Kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn fún mi.

Ṣíámáànù dé ní aago mọ́kànlá, òun àti akọ̀wé rẹ̀ àti ìwé. Ó rí ẹfun, ó rí pèpéle tó ṣófo. Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé fún un, kò bínú bí mo ṣe rò. Ó jókòó, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tí mi ò tíì gbàgbé.

"Baba, àwọn èèyàn ń pọ̀ ní Ifẹ̀. Ìlú tí kò bá ga sókè, oko ló máa jẹ. Oko kòkó yín yìí náà ni yóò jẹ tó bá yá."

Baálé ní, "Òótọ́ lẹ sọ. Ẹ kọ́ ọ ní alájà mẹ́ta, kẹ́ ẹ sì sún un sétí títì. A ó tẹ̀ka lónìí yìí."

"Alájà mẹ́ta ò lè gbé iṣẹ́ yìí, Baba."

"Ọlọ́run á fún yín ní ibòmíràn."

Ó dìde, ó kí wọn, ó lọ. Kò padà wá mọ́. Nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ ti yí kọ́nà, Àǹtí Sìkírá ju ìyarun rẹ̀ sílẹ̀ níwájú mi. "Ṣé ọkàn ẹ ti balẹ̀ báyìí? O purọ́, a jìyà rẹ̀. O sòótọ́, a tún jìyà rẹ̀." Mo bẹ̀rẹ̀ mú ìyarun náà, mo nà án sí i.

Ọ̀gá kò gbà mí padà. Ó ti sọ ọ́, kò sì yí i. Ṣùgbọ́n tí oníbàárà bá fẹ́ òjìji tó dára, ó máa ń ní kí wọ́n lọ bá Ṣẹ́gun ní Ìrémọ, níbi tí mo ta àtíbàbà mi sí. Àwọn ọ̀dọ́ agboolé Onípèpéle fi mí ṣẹ̀sín fún ọdún kan gbáko, bí wọ́n bá rí mi, wọ́n á ní, "Ẹni tó wó ilé alájà mẹ́wàá ń bọ̀!" N kò mọ̀ bóyá ilé yẹn ìbá dára fún Ifẹ̀. Kì í ṣe èmi ló yẹ kó mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ni ilẹ̀ ló yẹ kó rí i bó ṣe rí, kí wọ́n tó fi ìka wọn tẹ̀ ẹ́. Èmi ni mo gba ojú wọn lọ́wọ́ wọn, èmi ni mo sì ní láti dá a padà.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Àǹtí Sìkírá rí kíósì onípákó kan gbà lẹ́bàá títì. Ó wá sí àtíbàbà mi. Láti ọjọ́ ìyarun yẹn, a ò tíì kíra.

"Kọ pátákó fún mi. Irun dídì ni mò ń ṣe. Má ya ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú irun gbẹ sí i, mi ò ní i. Má ya obìnrin òyìnbó sí i. Bí kíósì mi ṣe mọ ni kó o yà á."

"Mo gbọ́, Àǹtí. Ẹ padà wá lọ́la, á ti gbẹ."

"Rárá," ó ní. Ó wo àyíká, ó rí àga onípákó tí mo máa ń gun, ó fà á wá síwájú pátákó, ó fi ìró rẹ̀ nu ọ̀dà orí rẹ̀, ó sì jókòó. Ó ń wo ọwọ́ mi láti lẹ́tà àkọ́kọ́ títí dé èyí tó kẹ́yìn. N kò sọ pé kó dìde.